Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nípa Adriana Díaz, ọmọ Puerto Rico tó ń gbá tẹ́bù tẹ́nì

Láti ọjọ́ tí mo ti lẹ fọ́tò ọmọbìnrin kan mọ́ ògiri níbi tá a ti ń gbá tẹ́bù tẹ́nì ní Mọ́rẹ̀, n'Ilé-Ifẹ̀ níbí, ìbéèrè ò tán mọ́. Àwọn ọmọ ń bèèrè, àwọn ìyá wọn ń bèèrè, bàbá kan tiẹ̀ dúró tì mí lọ́jọ́ Sátidé kan ó ní kóòṣì, ta ni òyìnbó tẹ́ ẹ gbé kọ́ síbẹ̀ yìí, ṣé àfẹ́sọ́nà yín ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ yéé pè mí ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Ta ni Adriana Díaz yìí gan-an?

Ọmọ Utuado ni, ìlú kan láàárín òkè ní Puerto Rico. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni wọ́n bí i. Tẹ́bù tẹ́nì ló fi ń jẹun. Ó ti lọ Olímpíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Rio 2016, Tokyo 2020 tí wọ́n padà ṣe ní 2021 nítorí kòrónà, àti Paris 2024. Ó sì ti wọ àárín ogún obìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá jù lágbàáyé, ibi tó jẹ́ pé àwọn ará Ṣáínà, Jàpáánù àti Kòríà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bèèrè ìyẹn náà.

Puerto Rico, ṣé orílẹ̀-èdè ni àbí apá kan Amẹ́ríkà?

Méjèèjì ni, tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ òótọ́. Erékùṣù kan ni nínú òkun Karíbíà, abẹ́ Amẹ́ríkà ló wà, páṣípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, àmọ́ tó bá di ti eré ìdárayá wọ́n ní tíìmù tiwọn, àsíá tiwọn, láti Olímpíìkì 1948 ni wọ́n ti ń dá lọ. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ fi wé Èkó nìkan ná.

Ẹ sì mọ̀ wọ́n o, ẹ kàn gbàgbé ni. Jasmine Camacho-Quinn tó gba góòlù 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ní Tokyo, ọjọ́ tí Tobi Amusan tiwa ṣe ìkẹrin tí gbogbo wa ń kanra nídìí tẹlifíṣọ̀n, Puerto Rico ló ń sá fún. Tobi wá gba ẹ̀san ní 2022 pẹ̀lú 12.12 tó fi fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé, Jasmine ṣe ìkẹta. Góòlù tó ṣáájú ti Jasmine, tí í ṣe àkọ́kọ́ tí erékùṣù yẹn gbà rí, Monica Puig ló gbà á nínú tẹ́nìsì ní Rio, Olímpíìkì kan náà tí Adriana kọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó ń bọ òrìṣà náà wà níbẹ̀, Changó ni wọ́n ń pe Ṣàngó. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì.

Báwo ló ṣe wá mọ̀ ọ́n gbá tó báyìí láti ìlú kékeré?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun gan-an ni mo ṣe lẹ fọ́tò yẹn mọ́ ògiri.

Bàbá ẹ̀, Bladimir Díaz, ni kóòṣì ẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n bí nínú ilé yẹn, Gabriela, Melanie, Adriana àti Fabiola, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbá tẹ́bù tẹ́nì. Brian Afanador, mọ̀lẹ́bí wọn, ọmọ Utuado lòun náà, òun náà lọ Olímpíìkì, àní ní Tokyo òun àti Adriana ni wọ́n jọ gbé àsíá Puerto Rico wọ inú pápá. Ẹ rò ó wò. Ìlú tí kò tó Iléṣà rárá, àárín òkè bíi ti Iléṣà náà, ibẹ̀ lẹni méjèèjì tó gbé àsíá ti wá, tẹ́bù tẹ́nì sì ni àwọn méjèèjì ń gbá.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ rèé. Bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀, ọmọ lè dá a gbá mọ́ ògiri fún wákàtí méjì kó sì mọ nǹkan níbẹ̀. Tẹ́bù tẹ́nì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì tábìlì ló ń kọ́ ẹ. Bí ẹni yẹn ò bá lè dá ẹyin, ìyẹn bọ́ọ̀lù kékeré tá a ń gbá, padà, ibi tí ẹ̀kọ́ tìẹ náà parí sí nìyẹn. Adriana wá jí sínú ilé tí ẹ̀gbọ́n méjì ti wà ṣáájú ẹ̀, tí wọ́n lè máa bá a gbá lójoojúmọ́, kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ síbì kankan kó tó rẹ́ni tó jù ú lọ. Nígbà tó wá ju àwọn náà lọ, àbúrò wà lẹ́yìn tó ń lé e. Ìyẹn ju pé orílẹ̀-èdè tóbi lọ. Nàìjíríà tóbi, kí ló ṣe fún ọmọ tí kò rẹ́ni bá gbá ní àdúgbò ẹ̀?

Mo ní ọmọkùnrin kan níbí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá ẹ̀ ra báàtì gidi fún un, ọ̀kan tó ní àpò tiẹ̀ tó ní ṣíìpù. Bó bá gbá tán á fi kànìnkànìn tútù nù ún, á dì í, á gbé e sáyà bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni nínú ilé, tó bá ti ibí lọ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ìbejì kan sì wà, báàtì tiwọn, rọ́bà ẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ létí. Àwọn wọ̀nyí ń gbá a lórí tábìlì ìjẹun ìyá wọn, wọ́n to ìwé ka sáàárín bíi nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mo ní kí olóńṣíìpù àti Kẹ́hìndé gbá, 11-3 ni Kẹ́hìndé fi nà án. Ọmọ yẹn sunkún, ìyá ẹ̀ sì bi mí bóyá báàtì ló bàjẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ó na Funke Oshonaike tiwa nídìí tábìlì?

Òótọ́ ni, ó dun èmi náà. Rio 2016 ni, Adriana jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Funke jẹ́ ẹni ogójì ọdún. Ẹ mọ̀ pé Funke ti lọ Olímpíìkì Atlanta ní 1996, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí ọmọ tó nà án yìí rárá. Adriana náà ò lọ jìnnà lọ́dún yẹn, àmọ́ ó ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó gbá tẹ́bù tẹ́nì fún Puerto Rico ní Olímpíìkì.

Kẹ́ ẹ má fi Funke ṣẹ̀sín o, torí mo rí i pé àwọn ọmọ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sọ ìtàn yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún lọ sí Tokyo, ìyẹn jẹ́ Olímpíìkì keje ẹ̀, kò sí obìnrin Áfíríkà kankan tó ti ṣe é ṣáájú ẹ̀. Ṣẹ́gun Toriola tiwa náà lọ lẹ́ẹ̀méje, láti Barcelona 1992 dé Rio. Rio yẹn kan náà ni Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́, ti na Timo Boll ará Jámánì tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, tó dé ìpele ẹni mẹ́jọ tó kù, ọmọ Áfíríkà kankan ò tíì dé ibẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀. Ma Long tó padà gba góòlù ló yọ ọ́.

Góòlù wo ló ti wá gbà?

Èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni ti Lima 2019, eré Pan Am tí gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lókè nísàlẹ̀ máa ń ṣe. Ó gba góòlù ti ẹnìkan ṣoṣo, àkọ́kọ́ tí Puerto Rico gbà nínú tẹ́bù tẹ́nì níbẹ̀, ó tún gba ti eléèyàn méjì pẹ̀lú Melanie ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ti ẹnìkan yẹn ló sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì Tokyo tààrà. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ó ti gba góòlù ní Barranquilla, ní Kòlóńbíà, níbi eré àwọn ará àárín Amẹ́ríkà àti Karíbíà.

Wọ́n ní ìjì ba ìlú wọn jẹ́, ṣé ó ṣì rí ibi gbá a?

Ìjì Maria nìyẹn, ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló wọ Puerto Rico. Utuado wà lára ibi tó jẹ níyà jù, omi gbé afárá lọ, òkè ya lu títì, àwọn kan ò lè jáde kúrò ní àdúgbò wọn. Iná mọ̀nàmọ́ná lọ ní gbogbo erékùṣù pátá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí wọ́n tó dá a padà fún gbogbo èèyàn. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ìjì yẹn ló lọ gba góòlù Barranquilla tí mo sọ.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé àwa náà là ń gbé láìsí iná láti ọjọ́ tá a ti dáyé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa mú ọmọ wá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, kí ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run tó lọ, torí ẹyin funfun lókùnkùn, etí la fi ń gbá a.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́wàá, ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Adriana bẹ̀rẹ̀ ní kékeré gan-an, òótọ́ ni, àmọ́ inú ilé ni nǹkan yẹn wà, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń fọwọ́ kan ewìrì kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ kan wà ní Síríà, Hend Zaza, ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó lọ Tokyo, òun ló kéré jù nínú gbogbo àwọn tó wá síbẹ̀, ìlú tí ogun ń jà ló ti wá, ó sì gbé àsíá. Liu Jia ará Austria, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ló nà án ní 4-0. Bí ìyá àtọmọ lórí tábìlì kan náà! Eré wo lẹ tún ti máa rí irú ẹ̀?

Ohun tí mo máa ń kọ̀ ni bàbá tó ń dúró lẹ́yìn ọmọ tó ń pariwo "gbá a! gbá a!" Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Ṣé kò ní ba ẹ̀kọ́ ẹ̀ jẹ́?

Wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ò ba ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Fóònù ńkọ́?

Irú báàtì wo ni kí n rà?

Ẹ má ra èyí tí rọ́bà ẹ̀ ń dán bíi tàpọ́líìnì. Bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ẹyin lé orí rọ́bà, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ sì yí i. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, ẹ dá a padà fún wọn. Bó bá di ẹyin mú díẹ̀ kó tó jẹ́ kó lọ, ìyẹn dáa, torí gbogbo ọgbọ́n eré yìí, kí ẹyin máa yí ni. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹyin, agbára ò ní nǹkan ṣe fún un.

Wọ́n tún máa ń bèèrè ìdí tí apá kan fi pupa tí ìkejì fi dúdú. Kì í ṣe fún ẹwà o. Láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń lẹ rọ́bà méjì tí ìṣe wọn ò jọra, ọ̀kan ń yí ẹyin gan-an, èkejì kì í yí i rárá, àmọ́ àwọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń lò, wọ́n á wá máa yí báàtì lábẹ́ tábìlì, ẹni tó wà lódìkejì ò ní mọ èyí tí wọ́n fi gbá a. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣòfin àwọ̀ méjì. Láti 2021 wọ́n ti gbà kí àwọ̀ mìíràn bí búlúù tàbí àwọ̀ ewé rọ́pò pupa, àmọ́ apá kan gbọ́dọ̀ dúdú ṣá.

Rọ́bà ojúlówó, bí àwọn bíi Adriana ṣe ń lò ó, wọ́n máa ń rà á lọ́tọ̀, wọ́n máa ń ra pákó lọ́tọ̀, ẹ má dá ara yín lágara ná. Ẹ ra báàtì méjì tó mọ níwọ̀n dípò ọ̀kan olówó ńlá. Méjì ni mo sọ.

Ṣé káfíńtà àdúgbò lè kan tábìlì?

Ó lè kàn án, tẹ́ ẹ bá dúró tì í. Gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 2.74, ìbú ẹ̀ mítà 1.525, gíga ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 76, nẹ́ẹ̀tì ga ní 15.25. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà fún un, ẹ má fẹnu sọ ọ́.

Tábìlì àkọ́kọ́ tí èmi ṣe, mo fowó lé ẹnìkan lọ́wọ́, mo lọ ìrìn-àjò, mo dé bá nǹkan tó rẹwà gan-an, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó fa ìlà funfun, ó tún kọ orúkọ ara ẹ̀ sísàlẹ̀. Mo ju ẹyin sílẹ̀, ẹyin sọ "pọ̀" ó sùn síbẹ̀. Pílíwúùdù tín-ín-rín ló lò, kò sì fi igi tó pọ̀ tì í nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán tábìlì wò: ẹ ju ẹyin sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 30, ó yẹ kó fò padà tó nǹkan bíi 23, ní gbogbo ojú tábìlì náà, kì í ṣe láàárín nìkan. Ẹ mú rúlà lọ. Kó má kùn ún títí ẹ ó fi jù ú wò.

Bí kò bá sówó, sìmẹ́ńtì náà dáa. Púláńkì la fi ṣe nẹ́ẹ̀tì nígbà tèmi nílé-ìwé, sílípáàsì la fi ṣe báàtì, a sì gbádùn ẹ̀.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gba póìǹtì lọ́wọ́ ọmọ mi lórí sáàfù, ìyẹn ẹyin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀?

Torí ó ń fi ẹyin pamọ́ sọ́wọ́. Òfin ni pé kí àtẹ́lẹwọ́ ṣí, kó ju ẹyin sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16 ó kéré tán, lẹ́yìn ìparí tábìlì, kí ẹni tó máa gbà á máa rí i. Kóòṣì tó bá gbà á láyè nílé, rẹfirí ló máa dójú tì í níta.

Ṣé 21 la ń kà àbí 11?

11. Láti 2001. Ẹyin náà ti di mìlímítà 40 láti 2000, 38 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá tó gbá a láyé Atanda Musa, ọ̀gá tẹ́bù tẹ́nì Nàìjíríà àtijọ́, ṣì ń bá mi jà lórí ẹ̀, wọ́n ní 11 yára jù, kí ara èèyàn tó gbóná wọ́n ti nà án. Mo gbà fún wọn díẹ̀, 21 fún èèyàn láyè láti ronú pìwà dà.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Fún díẹ̀. Ẹni tó bá dé òkè máa ń lọ gbá a fún ẹgbẹ́ ní Yúróòpù, Aruna gbá a ní Pọ́túgà àti Jámánì, Funke ń gbé ní Jámánì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ò ní dé ibẹ̀, mi ò ní tan yín jẹ. Ìyá tó bá mú ọmọ wá torí dọ́là, mo máa ń ní kó ṣe sùúrù kó lọ rò ó dáadáa, torí tí ọmọ ò bá gba dọ́là yẹn láàárín ọdún méjì, báàtì ló máa kọ́kọ́ sọnù nínú ilé.

Wọ́n ní lọ́dọ̀ yín, lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń dúró sídìí tábìlì, ṣé kì í ṣe òdìkejì ni?

Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbá a, ẹni tó bá nà ló ń dúró, ẹni tí wọ́n nà á lọ tò sẹ́yìn. Ó dùn, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá ń gbá fún wákàtí kan, èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ìṣẹ́jú méjì, á lọ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún padà wá gba ìṣẹ́jú méjì. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Torí náà lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹni tí wọ́n nà ló ń dúró lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kórìíra Túsìdeè bí ìgbẹ́. Àwọn ìbejì yẹn ti ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n má bàa kúrò, mo ti mú wọn.

A wà n'Iléṣà, ṣé a lè máa mú ọmọ wá?

Ẹ lè mú wọn wá lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ owó mọ́tò lọ-bọ̀ lóṣooṣù, ẹ rò ó, ó lè kan tábìlì kan fún yín ní àgbàlá yín ní Ìṣọ́kùn níbẹ̀, mo lè wá bá káfíńtà yín sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì máa wá ṣá, ẹ má mú ẹyọ ọmọ kan wá. Ẹ mú àbúrò ẹ̀ dání, tàbí ọmọ aládùúgbò yín, ẹni tí wọ́n á jọ padà sílé, kẹ́ ẹ sì gbé omi lọ́wọ́ torí kànga tó wà níbí, omi ẹ̀ ò ṣeé mu.